Lánlọ́ọ̀dù wa fẹ́ sọ ilé di shortlet: kí ni ayálégbé lè ṣe?

ÌyáTèmi_Agungi

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn, torí ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn mọ́.

Fúláàtì mẹ́fà ló wà nínú ọgbà tí à ń gbé ní Agungi, lójú ọ̀nà Lekki. Oníyàrá méjì ni tiwa. Nọ́ọ̀sì ni mí, Victoria Island ni ọsibítù tí mo ti ń ṣiṣẹ́ wà, iṣẹ́ alẹ́ sì máa ń kàn mí dáadáa. Ìdí nìyẹn tí èmi àti ọkọ mi fi ń fara da owó ilé apá ibí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ajẹ́ǹtì lánlọ́ọ̀dù pín lẹ́tà fún gbogbo wa. Ó ní ẹnikẹ́ni tí owó ilé rẹ̀ bá parí, àwọn ò ní gba òmíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kun ilé, kí wọ́n kó àga tuntun àti ẹ̀rọ amúlétutù sí i, kí gbogbo rẹ̀ di shortlet, ilé tí àlejò ń san owó rẹ̀ lóru-lóru fún ọjọ́ díẹ̀, kí Dìsẹ́ńbà tó wọlé. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fún wa. Lánlọ́ọ̀dù ò sí ní Nàìjíríà, ajẹ́ǹtì ò sì fẹ́ fún wa ní nọ́ńbà rẹ̀.

Mo ti ń wálé kiri láti Ikate dé Jakande. Èyí tó bá dára níbẹ̀, wọ́n á ní shortlet ni. Èyí tó ṣẹ́kù fún ẹni tó fẹ́ san lọ́dún, owó rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì ohun tí à ń san, a ò tíì sọ ti owó ajẹ́ǹtì, owó àgíríìmẹ́ǹtì àti kọ́ṣọ̀n, owó ìdúró tí onílé ń gbà. Ọmọ mi àgbà ń múra WAEC, mi ò fẹ́ kó pààrọ̀ ilé ìwé lásìkò yìí.

Ṣé òfin gbà kí wọ́n fún wa ní oṣù mẹ́ta? Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ti bá irú lánlọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ tó sì gbọ́? Níbo tún ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Island lè wálé sí?

Ọmọ_Mushin

Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá Tèmi. Oṣù mẹ́fà ni òfin Èkó sọ fún ẹni tó ń san owó ọdún kan. Lẹ́tà oṣù mẹ́ta yẹn kò nítumọ̀. Ẹ jókòó sílé yín, ẹ má dá wọn lóhùn rárá.

Lọ́yà_Ìgbòsẹ̀rẹ̀

Ọmọ_Mushin, òótọ́ wà nínú ohun tẹ́ ẹ sọ, ṣùgbọ́n kò délẹ̀, ìmọ̀ràn pé kí wọ́n má dáhùn yẹn sì léwu. Ẹ jẹ́ kí n là á yé wa.

Òfin Ayálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ló ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Agungi wà lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí òfin yẹn yọ sílẹ̀ ni Apapa, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island. Ohun tí kóòtù máa kọ́kọ́ wò ni ìwé àdéhùn yín. Bí ìwé náà bá ti sọ iye oṣù tí wọ́n á fi sọ fún yín ṣáájú, ohun tẹ́ ẹ jọ fọwọ́ sí lẹ máa tẹ̀ lé. Bí ìwé bá dákẹ́ ni òfin á wá sọ̀rọ̀: oṣù kan fún ẹni tó ń san lóṣooṣù, oṣù mẹ́ta fún ẹni tó ń san ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà-mẹ́fà, oṣù mẹ́fà fún ẹni tó ń san lọ́dọọdún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú rèé. Bí ìwé yín bá kọ ọ́ pé ọdún kan pàtó ni, láti ọjọ́ báyìí sí ọjọ́ báyìí, ọjọ́ tí ọdún yẹn bá pé, àdéhùn ti parí fúnra rẹ̀. Onílé ò jẹ yín ní kúìtì nótíìsì kankan. Nótíìsì ọjọ́ méje ni yóò fún yín, láti fi sọ pé òun ń lọ gba ilé òun ní kóòtù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń san, ó ń gbà á, ọdún ń gorí ọdún, tí ẹnikẹ́ni ò tún ìwé ṣe mọ́, ayálégbé ọlọ́dọọdún lẹ ti dà yẹn, oṣù mẹ́fà yín sì tọ́ sí yín.

Èyí tó wù kó jẹ́, kóòtù nìkan ló láṣẹ láti lé yín jáde. Ajẹ́ǹtì ò láṣẹ, ọlọ́pàá ò láṣẹ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ àwọn ọmọ àdúgbò. Ẹni tó bá fi agbára lé ayálégbé, tó bá ń dẹ́rù bà á, tàbí tó mọ̀ọ́mọ̀ ba ilé jẹ́ kó lè sá jáde, ó ti rú òfin náà. Ìtanràn rẹ̀ lè tó ₦250,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Màmá Tèmi, ẹ wá ìwé yín jáde, kí ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún wa. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni o.

Ajẹ́ǹtì_Ọ̀nà_Lekki

Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí lágbègbè yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, torí ọ̀pọ̀ ń rò pé ojúkòkòrò lásán ni.

Ká ní fúláàtì oníyàrá méjì ń pa ₦5 mílíọ̀nù wọlé lọ́dún. Bí a bá fi ṣe shortlet ní ₦80,000 lóru kan, tí àlejò sùn síbẹ̀ òru mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré lóṣù, ₦1.2 mílíọ̀nù nìyẹn lóṣù, ₦14.4 mílíọ̀nù lọ́dún. Dìsẹ́ńbà ò tíì wọ̀ ọ́ o, nígbà tí owó òru kan máa ń fò sókè. Onílé tó bá gbọ́ ìṣirò yìí, tí ayálégbé rẹ̀ sì ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n má fi ₦500,000 kún owó ilé, ẹ̀yin náà mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ máa lọ.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ dọ́là. Púpọ̀ nínú àwọn tó ni ilé tuntun lápá ibí wà ní London, Houston, Toronto. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní Júùnù 2023, dọ́là kan ò tó ₦500 ní báńkì. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti lé ní ₦1,500. ₦5 mílíọ̀nù tí onílé ń gbà lọ́dún, tó jẹ́ ju $10,000 lọ tẹ́lẹ̀, ti di nǹkan bí $3,300. Ayálégbé ò ṣẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ó ń wá ọ̀nà tí owó ilé rẹ̀ á fi bá dọ́là rìn, àlejò Dìsẹ́ńbà tó ń náwó ilẹ̀ òkèèrè ló rí.

Kí wọ́n tó kan páànù ilé míì báyìí ni ẹni tó rà á ti ń sọ fún wa pé shortlet lòun fẹ́. Mi ò ní purọ́: ilé tí mo ní lọ́wọ́ fún ẹni tó fẹ́ gbé e lọ́dún ti dín kù gan-an sí ti tẹ́lẹ̀.

Àdùkẹ́_Shortlet

Ajẹ́ǹtì, ẹ ṣé o, ṣùgbọ́n ìdajì ìṣirò lẹ ṣe. Mo ní shortlet méjì ní Lekki. Ẹ jẹ́ kí n gbé ìdajì tó kù kalẹ̀.

Láti Éprìlì 2024 tí wọ́n ti gbé owó iná sókè gan-an fún àwọn Band A, ìyẹn àwọn tí iná yẹ kó máa wà fún ogún wákàtí lójúmọ́, ẹ̀rọ amúlétutù nìkan ń jẹ owó bí iná. Àlejò tó san ₦80,000 kò ní gbà kẹ́ ẹ pa á. Bí NEPA bá mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ dìde láàárín ìṣẹ́jú, díísù nìyẹn. Ẹ fi owó afọṣọ kún un, owó agbálẹ̀, owó ẹni tó ń dúró gba àlejò lóru, ohun tí Airbnb tàbí Booking.com, àwọn ìkànnì tí àlejò ti ń wálé, ń yọ, àti owó orí ìgbafẹ́ 5% tó jẹ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Láti ìparí Jánúárì dé Máàṣì, ilé lè ṣófo fún ọ̀sẹ̀ gbáko. Ẹni tó bá fi Dìsẹ́ńbà ṣe ìṣirò ọdún, Fẹ́búárì á kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́.

Èmi ò lé ẹnikẹ́ni jáde. Orí ìwé ni mo ti ra fúláàtì mi kí wọ́n tó kọ́ ọ, kò sẹ́ni tó gbébẹ̀ rí. Bí n kò bá rí owó shortlet, mi ò bá má ti fowó mi kọ́lé rárá, ilé náà ì bá má sí. Ẹ̀wẹ̀, kì í ṣe àwọn tó wá jayé nìkan ló ń wọ̀ sọ́dọ̀ mi. Mo ti gba ẹni tí iṣẹ́ gbé wá láti Abuja, tí kò tíì rílé, àti ẹbí tó gbé aláìsàn wá sí ọsibítù.

Ilé ò tó ní Èkó kí shortlet tó dé. Ẹ wo owó sìmẹ́ńtì, ẹ wo owó ilẹ̀, ẹ wo báńkì: Nofẹ́ńbà 2024 ni Báńkì Àpapọ̀ gbé èlé dé 27.5%. Ta ló máa yá owó bẹ́ẹ̀ kọ́lé tí ayálégbé á máa san díẹ̀díẹ̀?

Bàbá_Onílé_Sùúrùlérè

Onílé lèmi náà, mi ò sì fara mọ́ ohun tí Àdùkẹ́ sọ tán.

Ọmọ mi ló tì mí sí shortlet. A yọ fúláàtì ìsàlẹ̀ kan sọ́tọ̀ fún un. Owó wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lálaalẹ́ Fráídè ni orin, ọkọ̀ tí a ò mọ̀ dí ẹnu géètì, àwọn ayálégbé mi tó ti ń bá mi gbé láti ìgbà tí ìyàwó mi wà láyé bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù. Ẹni tó ń gbé lókè, olùkọ́ni, ló ń bá mi ṣọ́ ilé bí mo bá rìnrìn àjò. Àlejò òru méjì ò lè ṣèyẹn fún mi. Mo dá fúláàtì yẹn pa dà fún ẹni tó ń san lọ́dún.

Àdùkẹ́, ọmọ mi, mo gbà pé ẹ kọ́ tiyín ni. Ọ̀rọ̀ Màmá Tèmi yàtọ̀. Ilé tí ìdílé mẹ́fà ń gbé ni wọ́n fẹ́ kó wọn kúrò nínú rẹ̀. Kò sí yàrá kan tó kún iye yàrá tó wà ní Èkó níbẹ̀. Ìdílé mẹ́fà ló kún iye àwọn tó ń wálé.

Ìyá_Peckham

Ẹ kú ìjíròrò o. London ni mo wà. Ibí náà ti jà ìjà yìí.

Láti 2015, ẹni tó bá fẹ́ fi odindi ilé rẹ̀ gba àlejò ọlọ́jọ́ díẹ̀ ní London ò gbọdọ̀ kọjá òru 90 lọ́dún, àyàfi tó bá gba ìwé àṣẹ ìyípadà ìlò lọ́wọ́ kánsù, ìjọba ìbílẹ̀ ibí. Ohun tó ń dà á láàmú ni pé kò sẹ́ni tó ń ka òru náà dáadáa. Airbnb fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn ní òru 90 ní 2017, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ rú òfin á gbé ilé rẹ̀ lọ sórí ìkànnì míì kó máa bá a lọ. Kánsù á sì máa sá tẹ̀ lé e kiri láìní òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó.

Èyí tó múná jù ni ti ilé kánsù. Láti 2013, ẹni tí ìjọba fún nílé tó wá fi ilé náà rẹ́ńtì fún ẹlòmíràn láìgbàṣẹ, ọ̀ràn ọ̀daràn ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gbígba ilé pa dà nìkan. Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà níbí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé Airbnb ò kan kánsù.

Ibi tí mo rò pé Èkó ti lè kọ́ ẹ̀kọ́ ni Edinburgh, ní Scotland. Ìwé àṣẹ ni olúkúlùkù tó ń ṣe shortlet níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà, láti Ọ̀kítóbà 2023. Bí ẹ ò bá mọ iye tó wà níta àti àdúgbò tó wà, kí lẹ máa ṣòfin lé lórí?

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Brooklyn

Ìyá wa Peckham, ẹ ṣé gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká má retí pé òfin á mú owó ilé wálẹ̀. New York ṣe é, mo sì wà níbẹ̀.

Òfin ìlú wa, Local Law 18, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ 5 Sẹpútẹ́ńbà 2023. Ẹni tó bá fẹ́ gba àlejò fún àkókò tí kò tó ọgbọ̀n ọjọ́ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìlú, òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílé pẹ̀lú àlejò, àlejò ò sì gbọdọ̀ ju méjì lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé ló pòórá lórí Airbnb láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àwọn míì kàn sún un di ọgbọ̀n ọjọ́ sókè, tí òfin ò kàn. Owó ilé ò wálẹ̀. Owó hòtẹ́ẹ̀lì ló lọ sókè.

Ìdí rẹ̀ ni pé ilé ti wọ́n ju kí shortlet nìkan lè yanjú rẹ̀ lọ. Ìwádìí ilé tí ìlú New York ṣe ní 2023 fi hàn pé nínú gbogbo ilé àyágbé, 1.4% péré ló ṣófo, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ láti 1968. Àwọn tí òfin náà sì dùn jù lára ni àwọn èèyàn bí àwọn ará wa ní Canarsie àti East Flatbush, tí wọ́n ní ilé oníyàrá ìsàlẹ̀ kan, tí wọ́n ń fi owó àlejò san gbèsè ilé. Àwọn ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àgbà lọ́sàn-án ni mo ń sọ, kì í ṣe ilé iṣẹ́ ńlá.

Àdùkẹ́_Shortlet

Ẹ gbọ́, ẹ gbọ́. Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ètò_Ìlú

Ẹ̀gbọ́n Brooklyn, mo bọ̀wọ̀ fún ìrírí yín, ṣùgbọ́n ìbéèrè tẹ́ ẹ dáhùn kọ́ ni Màmá Tèmi ń béèrè. Pé òfin ò mú owó ilé wálẹ̀ ní odindi New York kò fi hàn pé shortlet ò gba ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká wò ó báyìí. Ìjọba Èkó ti máa ń sọ ọ́ pé ilé tó kù ká kọ́ kí gbogbo èèyàn tó rí ibi gbé lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Bí ẹ bá fi gbogbo shortlet Èkó síwájú iye yẹn, ẹ ò ní rí i rárá. Torí náà, ẹni tó bá sọ pé shortlet ló fa ọ̀wọ́n ilé ní Ìkòròdú tàbí Alimọ́ṣọ́, irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n shortlet ò pín káàkiri Èkó. Ó rọ́ jọ sí Victoria Island, Ìkòyí, ọ̀nà Lekki dé Ajah, àti Yaba àti Ìkẹjà díẹ̀. Irú fúláàtì tó ń wá sì ni oníyàrá kan àti oníyàrá méjì tó ní omi, iná àti géètì. Fúláàtì tí nọ́ọ̀sì, olùkọ́, òṣìṣẹ́ báńkì kékeré ń wá nítòsí iṣẹ́ wọn náà nìyẹn. Lórí ìlà yẹn, fúláàtì ọgọ́rùn-ún lè yí gbogbo nǹkan pa dà, torí kò tíì pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní Barcelona. Ní Júùnù 2024, olórí ìlú náà, Jaume Collboni, kéde pé ìwé àṣẹ 10,101 tí wọ́n ti fún ilé àlejò níbẹ̀, kò sí èyí tí àwọn máa tún ṣe mọ́ tó bá di Nofẹ́ńbà 2028. Èmi ò ní kí Èkó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìjọba kéde pé Dìsẹ́ńbà 2024 mú $71.6 mílíọ̀nù wọlé, wọ́n ní nǹkan bí $13 mílíọ̀nù nínú rẹ̀ ti ara shortlet wá. Kò sí ìjọba tó máa fọwọ́ ara rẹ̀ ti ilẹ̀kùn yẹn. Ohun tí mo ń béèrè ni kí wọ́n ya ilé tuntun tí wọ́n kọ́ fún àlejò sọ́tọ̀ kúrò lára ilé tí ìdílé ń gbé lọ́wọ́ tí wọ́n fẹ́ yí pa dà. Kí èyí àkọ́kọ́ máa lọ. Kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe èkejì gba àṣẹ, kó sì fún àwọn tó ń gbébẹ̀ ní àkókò tó gùn.

Àdùkẹ́_Shortlet

Èyí, mo lè fara mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ yẹn ni mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ.

ÌyáTèmi_Agungi

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti rí ìwé náà. Ọdún kan ló kọ sí i nígbà tí a kọ́kọ́ wọlé. Láti ìgbà náà, a kàn ń san, ajẹ́ǹtì á kọ rìsíìtì fún wa, kò sẹ́ni tó tún ìwé kankan ṣe mọ́. Kò sí ibi tó ti sọ iye oṣù nótíìsì. Lẹ́tà tí wọ́n pín, ajẹ́ǹtì ló fọwọ́ sí i, kò sọ pé lánlọ́ọ̀dù ló rán òun. Nofẹ́ńbà ni owó tí a san máa parí.

Lọ́yà_Ìgbòsẹ̀rẹ̀

Ó dára bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ayálégbé ọlọ́dọọdún ni yín, oṣù mẹ́fà ló tọ́ sí yín. Òfin ò fi dandan lé e pé kí nótíìsì parí ní ọjọ́ tí ọdún yín pé gẹ́lẹ́, ó lè parí ní ọjọ́ yẹn tàbí lẹ́yìn rẹ̀, nítorí náà ẹ má rò pé bí Nofẹ́ńbà bá kọjá ẹ ti bọ́.

Ẹ má ṣe dákẹ́. Ẹ̀yin ìdílé mẹ́fà, ẹ kọ lẹ́tà kan pọ̀. Ẹ béèrè ìwé tí lánlọ́ọ̀dù fi fún ajẹ́ǹtì láṣẹ. Ẹ sọ pé ẹ gba lẹ́tà rẹ̀, pé àkókò inú rẹ̀ kò bá òfin mu, pé ẹ ṣe tán láti jókòó sọ̀rọ̀. Ẹ tọ́jú gbogbo rìsíìtì. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n á kọ̀wé pe ajẹ́ǹtì tàbí onílé, ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ilé ló sì ń parí níbẹ̀ láìdé kóòtù.

Ohun tẹ́ ẹ máa béèrè ṣe pàtàkì. Òfin ò ní kí onílé má lo ilé rẹ̀ bó ṣe wù ú, ẹ ò ní lè dì í lọ́wọ́ títí láé. Àkókò àti owó ìkẹ́rù lẹ lè gbà. Mo ti rí onílé tó gbà kí ayálégbé gbé oṣù bíi mélòó kan láìsan kọ́bọ̀, kó ṣáà ti jáde ní ọjọ́ tí wọ́n jọ fọwọ́ sí, torí kóòtù máa pẹ́ ju ìyẹn lọ, shortlet rẹ̀ á sì ti pàdánù Dìsẹ́ńbà. Ẹ jẹ́ kó wà nínú ìwé pé ẹ máa gbébẹ̀ títí WAEC á fi parí.

Ajẹ́ǹtì_Ọ̀nà_Lekki

Òótọ́ ni lọ́yà sọ. Àwa ajẹ́ǹtì mọ̀ pé bí ayálégbé bá mọ òfin, ọ̀rọ̀ á di ìdúnàádúrà. Ẹ jọ lọ pa pọ̀ o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gba owó kékeré jáde ló máa ba ti àwọn yòókù jẹ́.

Ará_Òrílé

Ní ti ibi tẹ́ ẹ lè wálé sí: ẹ kúrò lójú ọ̀nà Lekki yẹn. Láti Sẹpútẹ́ńbà 2023 ni ọkọ̀ ojú irin Blue Line ti ń gbé èrò láti Mile 2 lọ sí Marina, ó gba Orílé àti National Theatre kọjá. Láti Marina, bọ́ọ̀sì wà lọ sí Victoria Island. Red Line náà ti ń ṣiṣẹ́ láti 2024, láti Agbádò dé Oyingbo, Agége, Ìkẹjà, Ọ̀ṣòdì, Mushin àti Yaba wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Owó ilé ní Orílé tàbí Ìjẹ̀ṣà ò ṣeé fi wé ti Agungi, shortlet ò sì tíì jọba níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Èbúté_Mẹ́ta

Ará_Òrílé, ìmọ̀ràn yín dára fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú irin kì í sá mọ́júmọ́. Nọ́ọ̀sì tó bá jáde níṣẹ́ lóru, tàbí tí wọ́n bá pè lójijì, Marina kò ní gbà á. Nọ́ọ̀sì ni èmi náà. Ohun tí àwa mẹ́ta ṣe ni pé a bá ọ̀gá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, ó to iṣẹ́ alẹ́ wa pọ̀ tẹ̀ léra, a sì jọ ń san owó ọkọ̀ kan tó ń gbé wa lọ gbé wa bọ̀. Màmá Tèmi, ẹ tún béèrè bóyá ọsibítù yín ní ilé òṣìṣẹ́ tàbí owó ilé tí wọ́n lè kọ́kọ́ san fún yín kí wọ́n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan máa ń ṣe é, wọn kì í kéde rẹ̀ ni.

Ní Sangotedo àti Abijo ẹ ṣì lè rí fúláàtì ọlọ́dún. Ẹ kàn wo ti gòsúlóò Ajah dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó.

Alága_CDA

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹgbẹ́ àdúgbò kún un. Ní ẹ́sítéètì wa lápá Lekki, a ò fòfin de shortlet. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìròyìn ìpànìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní shortlet kan ní Lekki ní 2021, ẹ̀rù ba gbogbo wa. A wá ṣòfin pé ẹni tó bá ń ṣe shortlet gbọ́dọ̀ fi orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó ń bójú tó o sílẹ̀ ní géètì, àlejò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ níbẹ̀ kó tó wọlé, kò sí àríyá láàárín ẹ́sítéètì, owó ìdọ̀tí àti owó ààbò wọn sì ju ti ilé ìdílé lọ torí èrò wọn pọ̀. Àwọn kan bínú kó lọ. Àwọn tó kù, a ń gbé ní àlàáfíà.

Bí ọgbà yín bá wà nínú ẹ́sítéètì, ẹ wo ìwé òfin ẹgbẹ́. Ní ibòmíì, onílé gbọ́dọ̀ sọ fún ẹgbẹ́ kó tó yí ilé pa dà.

Ọmọ_Mushin

Lọ́yà, ẹ ṣé tẹ́ ẹ tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ṣé kọ́ṣọ̀n tí wọ́n san nígbà tí wọ́n wọlé máa pa dà sọ́wọ́ wọn? Àti pé ọ̀rẹ́ mi kan gba fúláàtì lọ́dún ní Yaba, ó fẹ́ máa fi ṣe shortlet fún àwọn tó wá lo ọjọ́ díẹ̀. Ṣé ó léwu?

Lọ́yà_Ìgbòsẹ̀rẹ̀

Kọ́ṣọ̀n: tiyín ni, owó ìdúró ni. Òfin 2011 sọ pé onílé gbọ́dọ̀ kọ rìsíìtì ọ̀tọ̀ fún owó bẹ́ẹ̀ àti fún service charge (owó ìtọ́jú ilé àti ọgbà), ẹ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ bó ṣe ná an, ó kéré tán ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Màmá Tèmi, kí ẹ tó kó jáde, ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá, ògiri, ẹ̀rọ omi àti ilẹ̀kùn, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ajẹ́ǹtì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fi kọ́kọ́rọ́ lélẹ̀. Wọ́n fẹ́ tún ilé náà ṣe fún shortlet, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi kọ́ṣọ̀n yín kun ún.

Ní ti ọ̀rẹ́ Ọmọ_Mushin: kó lọ ka ìwé rẹ̀. Púpọ̀ nínú ìwé àdéhùn Èkó ló sọ pé ayálégbé ò gbọdọ̀ fi ilé fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ onílé lórí ìwé. Bó bá ṣe é láìgbàṣẹ, ó ti fún onílé ní ìdí tó máa fi gba ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó kọ̀wé sí onílé, kó gba èsì tí wọ́n fọwọ́ sí, kó tó ra bẹ́ẹ̀dì kankan.